Jìtá Àgbẹ́yọ: Àròkọ Lórí Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀

Archtop ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe jìtá tí ikùn rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó yọ gegele láàárín bíi ti fáólìnì. Orville Gibson ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ irú rẹ̀ ní Kalamazoo, ní ìpínlẹ̀ Michigan, kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Ní 1922, ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Gibson, níbi tí Lloyd Loar ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, gbé jìtá kan tí ń jẹ́ L-5 jáde. Ní New York, John D'Angelico dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1932, ó sì ṣe jìtá tí ó lé ní 1,100 kí ó tó kú ní 1964. Ìwọ̀nba iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí ni àwọn olùkójọ ń wá kiri lónìí.

Ẹni tí yóò fi Yorùbá kọ ìwé tí ń dá iye lé wọn nílò ọ̀rọ̀. Orúkọ ẹ̀yà ara jìtá kò le. Orí, ọrùn, ikùn, ẹ̀yìn àti ìhà wà nílẹ̀ fún un. Okùn ni okùn, ihò ni ihò. Kí a pe ihò rẹ̀ ní ihò ẹ̀fù, nítorí pé àwòrán lẹ́tà náà ni. Igi spruce tí wọ́n fi ń ṣe ikùn àti igi maple tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yìn kì í hù nílẹ̀ Yorùbá, nítorí náà kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n bá wá. Ẹni tí ó bá sọ spruce di ọmọ̀ tàbí apá nítorí pé àwọn yẹn ni àwọn agbẹ́lù ń lò ti purọ́ fún òǹkàwé.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ ni "afárá", tí àwọn kan ń lò fún igi kékeré tí okùn gùn lé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tú ní tààràtà. Lórí jìtá yìí, a kò fi àtè lẹ igi náà mọ́ ikùn. Títẹ̀ tí okùn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló dì í mú, a sì lè sún un síwá sẹ́yìn. Ìrọ̀rí okùn bá a mu ju afárá lọ, torí pé orí ìrọ̀rí ni nǹkan ti ń sinmi, a kì í sì í kan ìrọ̀rí mọ́ ẹní.

Orúkọ jìtá náà gan-an ló gba àríyànjiyàn. "Jìtá abuké" burú. Àbùkù ara ni iké, ẹ̀yìn ló sì máa ń wà. "Jìtá onígegele" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí nìkan ló sọ, kò sọ iṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń mú owó wá. Ọ̀nà méjì ni ikùn jìtá fi ń yọ. Oníṣẹ́ lè mú pákó tí ó nípọn, kí ó gbẹ́ ẹ títí yóò fi yọ; ó sì lè fi ẹ̀rọ tẹ pákó alápàpọ̀ títí yóò fi yọ. Ti àkọ́kọ́ ló wọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe "gbẹ́" ni ìpìlẹ̀ tí a ń wá, àmọ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a ṣọ́ra fún. A- olóhùn àárín ń sọ olùṣe, ìdí nìyí tí agbẹ́gilére fi jẹ́ ènìyàn. Bí a bá pe jìtá ní "agbẹ́kùn", oníṣẹ́ rẹ̀ ni a dárúkọ. À- olóhùn ìsàlẹ̀ ń sọ ohun tí a ṣe, bíi ti àfikún, àjẹkù àti àkànpọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ a rí àgbẹ́yọ, a sì rí àtẹ̀yọ fún èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Archtop tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí.

A- olóhùn àárín náà wúlò níbòmíràn. "Jìtá aláìníná" ni àwọn kan ń pe èyí tí kò lo iná mànàmáná, bí ẹni pé nǹkan kan dín lára rẹ̀. Kò sí ohun tí ó dín. Láti 1937, nígbà tí atajìtá Freddie Green wọ ẹgbẹ́ eléré jáàsì Count Basie, irú jìtá yìí ló fi ń gbé ìlù ró láàárín àwọn afunfèrè. Adádún ni kó máa jẹ́: ó ń dá dún.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni èyí tí yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àlòkù ń ba ọjà jẹ́, torí ó ń sọ pé ẹnìkan ti lo jìtá náà tán. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbé e lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ títa ni wọ́n ń ta á. Ògbólógbòó ló kún ojú ìwọ̀n. Ìlànà àgbàlagbà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló tẹ̀ lé, "gbó" sì ni gbòǹgbò rẹ̀, èyí tí ó ń sọ ti aṣọ tó ti gbó àti ti àgbàdo tó ti gbó. Igi ikùn jìtá gbó bí àgbàdo ti ń gbó. Àwọn kan yóò ní olè ni a ń pè ní ògbólógbòó. A ń pe ọdẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Kí a má sì da iye pọ̀ mọ́ iyì. Iye ni owó: 400 dọ́là ni Gibson ń ta jìtá Super 400 nígbà tí ó jáde ní 1934, iye yẹn ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Iyì ni ohun tó ń mú kí L-5 tí Loar fọwọ́ sí máa wu ènìyàn ju èyí tí kò fọwọ́ sí lọ, kí ọ̀dà àtilẹ̀wá sì borí àtúnkùn. Ìwé tí yóò bá dá iye lé jìtá àgbẹ́yọ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí ó sì yọ àlòkù kúrò níbẹ̀.