Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Agolo: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ìyìn Lára Oúnjẹ Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Agolo mílíìkì kò ṣàjèjì nínú ilé wa. Bí mílíìkì inú rẹ̀ bá tán pàápàá, àwọn ìyálọ́jà wa a máa fi agolo náà wọn ìrẹsì àti gàrí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti yí i padà rí láti ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀? Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn hàn ni pé iwájú agolo ni olùtajà ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òfin ti ń sọ̀rọ̀. Àti pé ìyà tí ó jẹ ọmọdé ni ó bí púpọ̀ nínú gbólóhùn òtítọ́ tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1867, Henri Nestlé, apoògùn kan tí a bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tí ó fi ìlú Vevey ní Switzerland ṣe ibùgbé, gbé ìyẹ̀fun ọmọdé kan jáde, èyí tí ó fi wàrà màlúù, àlìkámà àti ṣúgà ṣe. Ní sáà kan náà ni mílíìkì kíki inú agolo ń gbilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan a máa fi ẹ̀rọ yọ ọ̀rá inú wàrà kúrò kí wọ́n tó sọ ọ́ di kíki, wọn a sì tà á fún àwọn tálákà ní owó pọ́ọ́kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ọ̀rá ni fítámínì A àti D wà. Egungun ọmọ tí kò bá rí fítámínì D tó a máa rọ̀. Ní ọdún 1899, òfin pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sára irú agolo bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà pé wàrà tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ ni. Ǹjẹ́ èyí tó? Kò tó. Ìyá tí kò mọ ohun tí ọ̀rá wà fún kò lè mọ ewu tí ń bẹ nínú àìsí rẹ̀. Nígbà tí ó di 1923, ìjọba fi kún un pé kí a kọ ọ́ gbangba pé kò yẹ fún ọmọ ọwọ́. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú agolo, èkejì sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún.

Ṣùgbọ́n ọjà a máa dé ibi tí òfin kò dé. Dókítà Cicely Williams, ọmọ bíbí Jàmáíkà, ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, níbi tí ó ti kọ ìwé nípa àrùn àìjẹunre-kánú tí àwọn Gà ń pè ní kwashiorkor. Nígbà tí ó dé Singapore, ó rí àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń kú nítorí pé mílíìkì kíki aládùn ni a fi rọ́pò ọmú ìyá wọn. Ṣúgà ju ìdá méjì nínú márùn-ún mílíìkì bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ a ń polówó rẹ̀ fún ọmọdé. Ní ọdún 1939, ó dìde níwájú Ẹgbẹ́ Rotary ní Singapore, ó pe àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Mílíìkì àti Ìpànìyàn, ó sì ní kí a ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí ìpànìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà tún rú yọ lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì. Mílíìkì oníyẹ̀fun ti gbòde nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń gba obìnrin tí wọ́n wọ aṣọ bíi ti nọ́ọ̀sì láti máa bá àwọn abiyamọ sọ̀rọ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́! Ìyá tí owó rẹ̀ kò tó a bu omi púpọ̀ là á kí agolo kan lè pẹ́. Bí omi náà kò bá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ní ọdún 1974, ẹgbẹ́ War on Want tẹ ìwé Mike Muller jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Switzerland túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, wọ́n sì yí àkọlé rẹ̀ padà pé Nestlé ń pa ọmọ ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ ní Bern dá wọn lẹ́bi nítorí àkọlé náà, ó bu owó ìtanràn díẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n adájọ́ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú pé kí ó tún ọ̀nà ìpolówó rẹ̀ rò.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìlànà lórí títa oúnjẹ tí a fi ń rọ́pò ọmú. Orílẹ̀-èdè 118 fara mọ́ ọn, Amẹ́ríkà nìkan ni ó lòdì sí i, àwọn mẹ́ta kò dìbò. Ìlànà náà ní kí a kọ ọ́ sára agolo, ní èdè tí ó yẹ, pé ọmú ìyá ló dára jù. Kí a má ya àwòrán ọmọ ọwọ́ sí i. Kí a má sì ṣe kọ ọ̀nà tí a lè gbà lo mílíìkì kíki aládùn fún ọmọ ọwọ́ sára agolo rẹ̀. Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù ni pé ó fòfin de ọ̀rọ̀: a kò gbọdọ̀ pe wàrà màlúù ní èyí tí a ti sọ di ti ènìyàn tàbí ti ìyá. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ ó rí i bí irọ́ náà ṣe hàn kedere tó. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990, Àṣẹ kọkànlélógójì. A sì dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993.

N kò wí pé agolo kò wúlò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí tí dókítà ní kó má mu ọmú, nílò rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin lè pàṣẹ kí a kọ òtítọ́. Kò lè kà á fún wa. Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí agolo bá ní òun dára jù, ẹ bi í pé: ju kí ni? Bí ó bá ní a fi fítámínì kún òun, ẹ bi í pé: kí ni a fi í kún? Ẹ wo àkójọ èròjà. Ìlànà Codex ti 1985 ní kí èyí tí ó wúwo jù ṣíwájú. Bí ṣúgà bá wà lókè, ìdáhùn ti dé. Ìkẹta, ọmọ oṣù mélòó ni a ṣe é fún? Nọ́ńbà NAFDAC fi hàn pé a forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò sọ pé ó yẹ fún ọmọ gbogbo.

Ẹ mú agolo òfìfo wá sí kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.