Bí Ẹnu Bá Jẹ, Ojú A Máa Tì

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, bí olówó kan bá kọ́ ilé kéú fún yín, tó ń san owó àwọn olùkọ́, tó sì ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ ó lè bá a wí lọ́jọ́ tó bá ṣìnà? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe bá a jìjàkadì ní Baghdad ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Nizam al-Mulk ni olórí àwọn ìjòyè fún àwọn Súlútáánù Seljuk fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ó kọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń jẹ́ Nizamiyya, orúkọ òun fúnra rẹ̀, sí Baghdad, Nishapur, Isfahan àti àwọn ìlú mìíràn. Ti Baghdad ṣí ní 1067. Ó ya ilẹ̀ àti ọjà sọ́tọ̀ fún un ní wákàfù, ìyẹn dúkìá tí èèyàn fi sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, tí a kì í tà, tí a kì í pín lógún, èrè orí rẹ̀ nìkan ni a ń ná. Inú èrè yìí ni owó àwọn olùkọ́ àti oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde.

Ṣé nítorí Ọlọ́hun nìkan ló ṣe é? Ọlọ́hun ló mọ ohun tó wà nínú ọkàn. Ṣùgbọ́n òṣèlú wà níbẹ̀. Àwọn Fatimid tó ń jọba ní Káírò ń rán àwọn oníwàásù wọn wọ ilẹ̀ Seljuk, Nizam al-Mulk sì ń fẹ́ àwọn onímọ̀ Sunna tí yóò dá wọn lóhùn.

Lọ́jọ́ ìṣílé ní Baghdad, àwọn èèyàn pé jọ, wọ́n ń retí Abu Ishaq al-Shirazi, àgbà onímọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olùkọ́ àgbà. Kò yọjú. Ẹnìkan ló pàdé rẹ̀ lọ́nà, tó bi í pé báwo ni yóò ṣe máa kọ́ni níbi tí wọ́n fi agbára gbà. Al-Shirazi bá lọ fara pamọ́. Wọ́n fi Ibn al-Sabbagh sí ipò náà. Lẹ́yìn ogún ọjọ́ ni al-Shirazi tó gbà láti wá. Síbẹ̀, àwọn òpìtàn sọ pé bí àkókò ìrun bá tó, mọ́ṣáláṣí mìíràn ló máa ń lọ kí i.

Ní 1091, Nizam al-Mulk fi Imam al-Ghazali sí ipò yìí kan náà. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ọ̀ọ́dúnrún (300) akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń jókòó sí iwájú rẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n pa Nizam al-Mulk. Kálífà al-Mustazhir ní kí al-Ghazali kọ ìwé tako àwọn Batiniyya. Ó kọ ọ́, wọ́n sì ń fi orúkọ Kálífà pe ìwé náà: al-Mustazhiri. Owó wà, iyì wà. Ṣùgbọ́n ní 1095, ó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò, ó sì rí i pé òkìkí ló ń fa òun. Ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì. Ó pín owó rẹ̀, ó ṣẹ́ oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ kù, ó sì jáde ní Baghdad. Ní ibojì Ànábì Ibrahim ní Hebron, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní lọ sí ọ̀dọ̀ ọba mọ́, òun kò sì ní gba owó ọba.

Ẹ má rò pé ó kórìíra ìrànlọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé owó wákàfù ilẹ̀ Ìráàkì dára fún onímọ̀ láti fi bọ́ ìdílé rẹ̀. Ní 1106 pàápàá, ó padà kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní Nizamiyya ti Nishapur. Ohun tó sá fún ni oúnjẹ tí ń so ahọ́n.

Lọ́dọ̀ wa lónìí, a ń fi olówó jẹ Bàbá Àdínì, olóṣèlú sì ń san owó Hájì fún ààfáà. Ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní, níbo ni owó yìí ti wá? Ìbéèrè al-Shirazi nìyẹn. Èkejì, ṣé iṣẹ́ ni wọ́n fi í fún, àbí èmi? Nizam al-Mulk kú ní 1092, síbẹ̀ nígbà tí Ibn Battuta dé Baghdad ní 1327, ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà. Ohun tí a fi fún iṣẹ́ a máa pẹ́ ju ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, bí mo bá gbà á, ṣé mo ṣì lè wo ojú ẹni yìí kí n sọ òótọ́ fún un? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ dá a padà, ọmọ ìyá mi, kódà bí òrùlé mọ́ṣáláṣí bá ń jò.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olówó wa ní èrò rere, kí Ó sì fún àwọn onímọ̀ wa ní ahọ́n tí a kò lè rà. Àmín.