Bí Eré Orí Ẹ̀rọ Ṣe Di Ìtọ́jú Àgbà

Ẹ̀yin ará wa ní Barking àti Dagenham, àwọn tó wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1960 ti di àgbà láàárín wa. Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo rí i pé ẹni tó ṣubú lẹ́ẹ̀kan a máa bẹ̀rù ìrìn.

Ní ọdún 1935, Dókítà Marjory Warren gba ìtọ́jú aláìsàn 714 ní ilé ìwòsàn West Middlesex, ní Isleworth. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ arúgbó tí a ti fi sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé wọn dìde, ó kọ́ wọn ní ìrìn, púpọ̀ sì padà sílé.

Ṣáájú èyí, ní 1929, Edwin Link ti ṣe ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí awakọ̀ òfuurufú fi ń kọ́ṣẹ́ láìkúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ṣìṣe níbẹ̀ kò ní já lulẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni ti Wii, tó dé ní 2006. Nígbà tí pátákó ìdúró rẹ̀ jáde ní 2007, àwọn olùtọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó: àgbà á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀ sósì, àwòrán á sì fi hàn án bóyá ó dúró déédéé. Àyẹ̀wò ìwádìí lórí àrùn rọpárọsẹ̀ ní 2017 fi hàn pé irú eré bẹ́ẹ̀ lè wúlò bí a bá fi kún ìtọ́jú.

Ọ̀wọ̀ ni a fi ń sọ fún Màmá pé, “Ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà.” Ṣùgbọ́n ara tí a kò lò ni ó ń gan. Ẹ bi dókítà, ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dìde fúnra wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.