Ìtọ́jú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Alábùkù Inú Àgbọ̀n: Láti Ọ̀bẹ Dé Abẹ́rẹ́

Àwọn ìwé tó sọ̀rọ̀ àrùn yìí fọ́n káàkiri, wọ́n sì ń ta kora. Mo tò wọ́n jọ nítorí àwọn òbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí àgbọ̀n ọmọ wọn wú, tí wọn ò mọ ohun tó ṣe é.

Wọ́n ń bí i mọ́ ọmọ ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á lọ́ jọ sínú eegun àgbọ̀n, eyín á máa mì, erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fa irú eyín bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè tú débi tí aláìsàn á kú lórí àga. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ ti abẹ́rẹ́ bọ ibi tó wú náà: bí ẹ̀jẹ̀ pupa fòò bá ń ti sìríǹjì sẹ́yìn fúnra rẹ̀, kó má fọwọ́ kan eyín náà.

Ìtọ́jú onábẹ́rẹ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ní 1853, Pravaz, oníṣègùn ará Lyon, fi abẹ́rẹ́ oníhò fa omi oògùn tí wọ́n fi irin ṣe sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹran, kí ẹ̀jẹ̀ lè dì. Àwọn kan ní Wood ti Scotland ló ṣaájú rẹ̀ lo abẹ́rẹ́ oníhò. Ìyẹn ò kàn wá, ìrora ni tirẹ̀ wà fún.

Síbẹ̀, nígbà tí ilé ìwòsàn Sacred Heart bẹ̀rẹ̀ ní Lántòrò nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọ̀bẹ àti okùn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ gbogbo ayé ṣì gbójú lé: wọn á so iṣan ńlá ọrùn pa. (Ìwé kan ní 1885 ló bẹ̀rẹ̀, òmíràn ní 1895. Mo gba 1895, torí òun ni ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ń kà.) Síso yìí kì í ṣiṣẹ́ pẹ́ títí: bí àgbàrá tí wọ́n dí lójú kan, ẹ̀jẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni bóyá àrùn kan ni gbogbo wíwú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí méjì. Ní 1982, Mulliken àti Glowacki ní Boston wo sẹ́ẹ̀lì wọn fínnífínní, wọ́n rí i pé méjì ni. Ọ̀kan ń yára wú lára ọmọ ọwọ́, ó sì ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Èkejì, èyí tí à ń sọ yìí, kì í rọlẹ̀, ńṣe ló ń bá ọmọ dàgbà. Àwọn kan ṣì ń pa wọ́n pọ̀, n kò sì bá wọn lọ. Propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n kéde ipa rẹ̀ yìí láti Bordeaux ní 2008, ń mú ti àkọ́kọ́ súnkì, àmọ́ kò ran èkejì. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á kàn máa fi ọjọ́ ọmọ ṣòfò ni.

Ní ti èkejì yìí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń rọra ṣàn, wọ́n ń gún oògùn bleomycin tàbí sodium tetradecyl sí i. Níbi tó bá ti ń sáré, wọ́n ń gba iṣan itan ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dé àgbọ̀n, ọ̀nà tí Seldinger ti Sweden là ní 1953, wọn á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà pa láti inú.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá lónìí, ilé ìwòsàn Federal Medical Centre náà ti wà ní Ìdí-Abà láti 1993. Nínú ìtọ́jú méjèèjì, ti abẹ́rẹ́ ò gba ẹ̀rọ ńlá. Ti rọ́bà gba ẹ̀rọ tó ń fi inú iṣan hàn lójú ẹsẹ̀, irú rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà.