Ẹbìtì, Tàkúté àti Májèlé: Ìtàn Ogun Àwọn Àgbẹ̀ Wa pẹ̀lú Eku

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹbìtì tí kò kún ẹmọ́ lójú ni í ṣe ẹmọ́ ní jàǹbá. Ẹmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá àwa tí a ń kọ ìtàn wí pẹ̀lú. Bí a bá ń sọ ìtàn Kétu, odi ìlú àti ẹnu ibodè Akaba Ìdẹ́nà ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ. A ń sọ pé ọdẹ ni ó ṣe amọ̀nà àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó. A sì ń fi yangàn pé títí di òní, ní ilẹ̀ Brazil, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó jí ní ìdájí lọ wo ẹbìtì tí ó dẹ sí ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo rẹ̀ kò kún òpìtàn lójú. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ kì bá tí kù nínú àká fún ọdẹ tàbí fún ọba.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ ohun èlò mẹ́ta tí àwọn ènìyàn wa ti fi bá eku jà: ẹbìtì, tàkúté àti májèlé. Ohun tí a rí ni pé bí ohun èlò náà ti ń rọrùn láti lò sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wa ń dín kù. Àìmọ̀ náà sì ti fẹ́ di ewu.

Igi, okùn àti òkúta pẹlẹbẹ, tàbí ìtì igi tí ó wúwo, ni a fi ń ṣe ẹbìtì. Etí kan òkúta náà á wà nílẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì gbé etí kejì sókè. A ó so igi yìí mọ́ ọ̀pá kékeré tí ìjẹ wà lára rẹ̀: ẹkùrọ́, ègé iṣu tàbí àgbàdo. Bí eku bá ti fa ìjẹ, ọ̀pá á yẹ̀, igi á yọ, òkúta á sì ré lé e lórí. Kò sí irin nínú rẹ̀, kò sì ná àgbẹ̀ ní owó kankan. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìwàǹwára dẹ ẹ́. Bí ọ̀pá náà bá le jù, eku yóò jẹ ìjẹ tán, yóò sì bá tirẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Bí ó bá rọ̀ jù, afẹ́fẹ́ lásán ni yóò ré e, tàbí kí ó já lu ìka ẹni tí ó ń dẹ ẹ́.

Ibi tí a ń dẹ ẹ́ sí ni ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ sí jù. Òkété ń gbé inú ihò, òru ni ó ń jáde, ó sì ń kó ẹkùrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ilé. Nítorí náà, ìdí ọ̀pẹ àti ẹnu ihò ni a ti ń dè é. Ikún ní tirẹ̀, ọ̀sán ni ó ń jẹ̀, ẹ̀pà àti irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni ó sì ń hú. Ẹmọ́ kì í fẹ́ràn gbangba. Ojú ọ̀nà tóóró kan náà ni ó ń tọ̀ láàárín koríko, ojú ọ̀nà yẹn ni àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí. Àwọn mìíràn a máa fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà kúkúrú yí oko ká, wọ́n á fi àlàfo sílẹ̀ níbi mélòó kan, wọ́n á sì dẹ ẹbìtì sí àlàfo kọ̀ọ̀kan. Eku tí ó ń wá ẹnu ọ̀nà á bá ikú pàdé níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ẹbìtì jẹ́ fún ọmọ tí ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko: níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ láti da ojú ẹsẹ̀ eku mọ̀ lórí ilẹ̀, láti mọ ìgbẹ́ rẹ̀, àti láti mọ irú eyín tí ó gé ẹ̀gẹ́ jẹ.

Eku tí ẹbìtì bá pa kì í sì í ṣòfò. Ọ̀gá mẹ́ta ni ẹbìtì ń sìn: ó ń ṣọ́ oko, ó ń wá ẹran sí ìkòkò ọbẹ̀, ó sì ń pèsè eku fún ẹbọ, nítorí eku àti ẹja wà lára ohun tí Ifá máa ń béèrè. Ọ̀tá oko ni ó di oúnjẹ àti ohun ètùtù.

Iṣẹ́ ẹbìtì pọ̀ sí i nígbà tí àgbàdo dé. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti gbé e kọjá òkun wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Ó ń tètè so, ó sì ṣeé kó pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn lè kó pamọ́ ni eku lè jí. Àká tí a gbé lé orí òpó, tí a sì fi koríko bò, jẹ́ apá kan ogun yìí gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹbìtì ti jẹ́.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó kù padà wálé. Ní 1894, Alákétu tún gun orí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá ṣán oko tí ó ti di igbó fún ọdún mẹ́jọ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀. Ní ọdún 1894 yẹn náà ni William C. Hooker, ará Abingdon ní Illinois, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí tàkúté onípákó tí wáyà rẹ̀ ń ré mọ́ eku lọ́rùn. Ayé tàkúté tí a ń rà lọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tàkúté onírin dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì ń fi irin àlòkù rọ ọ́. Ó yá ju ẹbìtì lọ, ó ṣeé gbé kiri. Ó tún lè gé ìka ọmọdé tàbí ẹsẹ̀ ajá. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà tí eku ń tọ̀ kò lè fi í pa nǹkan kan.

Àwọn aláṣẹ Faransé fúnra wọn rí i ní ìlú mìíràn tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà pé pípa nìkan kò tó. Ní Hanoi, ní ilẹ̀ Vietnam, kòtò ìdọ̀tí tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ ìlú kún fún eku. Ní 1902, wọ́n kéde pé àwọn yóò san owó lórí ìrù eku kọ̀ọ̀kan. Ìrù wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí àwọn eku tí kò ní ìrù tí wọ́n ń sá kiri: àwọn ènìyàn ń gé ìrù, wọ́n sì ń tú eku sílẹ̀ kí ó lè bí sí i, àwọn kan tilẹ̀ ń sin eku. Wọ́n fi òpin sí owó náà.

Májèlé ni ó dé kẹ́yìn. Ní 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta warfarin ní Amẹ́ríkà fún pípa eku; kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lónìí, nínú ọjà wa, a ń rí ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ, tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Májèlé kò béèrè pé kí á mọ òkété yàtọ̀ sí ikún. A ó dà á sílẹ̀, a ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n eku tí ó bá jẹ ẹ́ lè rìn jìnnà kó tó kú, ológbò tàbí òwìwí á sì jẹ ẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọ tí ó bá rí òkété lẹ́bàá ọ̀nà lè gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ láti sè. Ẹni tí ẹbìtì rẹ̀ pa eku mọ ohun tí ó pa á. Ẹni tí ó ra eku yíyan lónìí kò mọ̀.

A kò sọ pé kí gbogbo wa padà sí àná. Ewu mìíràn wà tí àwọn àgbà kò mọ orúkọ rẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Nàìjíríà ní 1969, ti pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Benin ní 2014 àti ní 2016. Eku kan tí ó ń lọ láti oko sí inú ilé ni ó ń gbé e kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí a má fi ọwọ́ lásán mú eku tí tàkúté bá pa nínú ilé, kí a má sì jẹ ẹ́. Kí a máa bo oúnjẹ, kí a sì máa gbá àyíká mọ́. Èyí náà jẹ́ ìmọ̀ nípa eku, irú èyí tí ẹbìtì fi ń kọ́ni.

Láìpẹ́ yìí, a béèrè nínú kíláàsì wa ẹni tí ó mọ ẹbìtì. Ọwọ́ mẹ́ta péré ni ó gbé sókè. Nígbà tí a béèrè ẹni tí ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn eku, gbogbo kíláàsì ni ó nawọ́. A wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí oníkálukú lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀, kí ó bi í bí wọ́n ti ń dẹ ẹbìtì, kí ó yà á sínú ìwé, kí ó sì kọ orúkọ igi kọ̀ọ̀kan sí i. A rọ ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ pé kí ẹ ran àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dẹ ń dín kù lọ́dọọdún, eku kò sì dín kù.