Ọjọ́ Ajé tí Ìbò 12 Wọ́n ní Washington

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, tó mọ́ ní Washington, ìbẹ̀rù ti gba Yúróòpù kan. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù, ti Netherlands àti ti Luxembourg da 11.2 bílíọ̀nù yúrò jọ kí báńkì Fortis má baà wó. Nígbà tí ojúmọ́ mọ́ ní London, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Bradford & Bingley sábẹ́ àkóso ara rẹ̀. Ìjọba Iceland náà kéde pé òun yóò gba ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún báńkì Glitnir. Ojú gbogbo wọn wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ dìbò lórí àbádòfin 700 bílíọ̀nù dólà, owó tí ìjọba fẹ́ fi ra ẹ̀yáwó ilé tó ti bàjẹ́ kúrò lọ́rùn àwọn báńkì.

Ìjọba tó fẹ́ ná owó yìí kì í ṣe ìjọba olórí kan. George W. Bush tó jẹ́ Ààrẹ, ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni. Ẹgbẹ́ Democrat ló sì ń darí Ilé Aṣòfin láti oṣù Kìíní ọdún 2007. Ọ̀sẹ̀ méjì gééré ṣáájú ọjọ́ yìí ni báńkì Lehman Brothers ṣubú. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ìjọba yá ilé-iṣẹ́ adójútòfò AIG ní 85 bílíọ̀nù dólà. Nígbà tó di ọjọ́ 25, báńkì Washington Mutual kógbá sílé, kò sì sí báńkì tó tóbi tó o tó tíì ṣubú rí nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mínísítà ìṣúná, Henry Paulson, ti gbé ìwé ojú-ewé mẹ́ta péré síwájú àwọn aṣòfin, ó ní kí wọ́n fún òun ní 700 bílíọ̀nù. Wọ́n bínú, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Nígbà tí ìpàdé fọ́ mọ́ wọn lórí ní White House ní ọjọ́ 25 ọ̀hún, ọkùnrin tó ti ṣe olórí báńkì Goldman Sachs rí yìí kúnlẹ̀ lórí eékún kan níwájú Nancy Pelosi, Olórí Ilé, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́. Wọ́n wá fi òpin ọ̀sẹ̀ jókòó. Ojú-ewé mẹ́ta di bí 110, wọ́n sì ní àwọn ti fẹnu kò.

Aago méje àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni Bush bọ́ síta ní ọgbà White House. Ó ní òun mọ̀ pé ìbò náà nira, ó sì bẹ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n gbà. Ẹ̀bẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Ìdìbò ń bọ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kọkànlá, orúkọ Bush ò sì ní sí nínú ìwé ìbò. Ṣùgbọ́n gbogbo àga 435 tó wà nílé aṣojú ni wọ́n fẹ́ dù. Láti ọjọ́ mélòó kan ni fóònù ọ́fíìsì wọn ò ti dákẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pè ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: ẹ má fi owó orí wa gba àwọn olówó Wall Street sílẹ̀. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí báńkì ń lé kúrò nílé rẹ̀ nítorí ó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta, báwo ni yóò ṣe gbọ́ pé ìjọba fẹ́ san gbèsè báńkì náà?

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ìròyìn mìíràn jáde. Wachovia, ọ̀kan nínú àwọn báńkì ńlá ilẹ̀ náà, kò lè dá dúró mọ́. Àjọ tó ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà báńkì ti ṣètò kí Citigroup ra iṣẹ́ báńkì náà ní nǹkan bí 2.16 bílíọ̀nù dólà. (Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Wells Fargo mú owó tó ju ìyẹn lọ dáadáa wá, ó sì já a gbà.) Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni agogo ọjà ìdókòwò lù ní New York, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde láàárọ̀ náà pé dólà tí òun ń yá àwọn báńkì àpapọ̀ òkè òkun yóò kúrò ní 290 bílíọ̀nù, yóò di 620 bílíọ̀nù. Síbẹ̀ àyà àwọn oníṣòwò ò tíì já tán, torí wọ́n gbà pé nígbà tí Ààrẹ àti àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti fọwọ́ sí nǹkan, ó ti parí nìyẹn.

Nínú ilé aṣòfin, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Wákàtí lórí wákàtí ni wọ́n fi jiyàn, ìdájọ́ mi sì ni pé àwọn tó sọ òótọ́ jù lọ wà ní ìhà méjèèjì. Dennis Kucinich ará Ohio, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, tako àbádòfin náà. Ohun tó ń béèrè nínú àríyànjiyàn náà ni pé ṣé ilé aṣòfin làwọn wà ni àbí ìgbìmọ̀ olùdarí Goldman Sachs. Jeb Hensarling ará Texas, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, tako ó látọ̀dọ̀ tiwọn. Paul Ryan ará Wisconsin ní àbádòfin náà lòdì sí gbogbo ohun tí òun gbà gbọ́, ṣùgbọ́n òun máa dìbò fún un, torí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá gbà á ni òun ń bẹ̀rù. John Boehner tó ń darí àwọn Republican nínú ilé náà sọ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n fara mọ́ ọn.

Lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, Pelosi dìde. Ó ní 700 bílíọ̀nù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n apá kan péré ni nínú iye tí ètò ọrọ̀ ajé Bush tó kùnà ti ná ilẹ̀ náà. Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Àmọ́ ìbò àwọn tó ń bá wí yìí ló fẹ́ gbà kí wákàtí méjì tó kọjá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́; ọjọ́ mìíràn wà tí ìbáwí náà ì bá ti wọ etí.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 27 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdìbò. Ìṣẹ́jú 15 ló yẹ kó gbà. Káàdì ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ bọ ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ á sì hàn lára ògiri pẹ̀lú iná aláwọ̀ ewé tàbí pupa. Pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewé lọ. Tẹlifíṣọ̀n pín ojú rẹ̀ sí méjì: iye ìbò wà lápá kan, òṣùwọ̀n Dow Jones wà lápá kejì, bí pupa bá sì ti ń pọ̀ lápá kan ni òṣùwọ̀n ń já lápá kejì. Kó tó di aago méjì, Dow ti fi bí 700 wálẹ̀ sí ti ìparí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn oníṣòwò tó wà nínú gbọ̀ngàn New York dúró, wọ́n ń wo ògiri Washington.

Àwọn olórí ò jẹ́ kí wọ́n pa ìbò dé. Wọ́n ń lọ láti àga dé àga, wọ́n ń fa aṣọ, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Bí ẹni 12 péré nínú àwọn tó kọ̀ bá yí padà, yóò wọlé. Níbí ni ọ̀ràn ìjọba tó pín ti hàn kedere. Àwọn Democrat ò fẹ́ dá gbé e kọjá. Wọn ò fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn nìkan ló fi owó ìlú gba báńkì sílẹ̀ lábẹ́ Ààrẹ tí kì í ṣe tiwọn, kí àwọn Republican wá fi polongo ìbò lòdì sí wọn lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn Republican náà ń retí pé ẹgbẹ́ tó ní èèyàn jù nínú ilé ni yóò ru ẹrù tó pọ̀ jù. Olúkúlùkù ń ka ìbò ẹlòmíràn. Bí èèyàn méjì bá jọ gbé àpótí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rò pé èkejì ló di ìdí ẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ẹnì kan ni àpótí náà yóò já lé.

Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méje, òòlù lu tábìlì. Ẹni 205 gbà, ẹni 228 kọ̀. Nínú àwọn Democrat, 140 gbà, 95 kọ̀. Nínú àwọn Republican, 65 péré ló tẹ̀lé Ààrẹ wọn. 133 kọ ẹ̀yìn sí i. John Lewis ti Atlanta, akọni ìjà ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn Democrat tó kọ̀. Kì í ṣe àwọn tó kórìíra ìjọba nìkan ló pa àbádòfin náà. Àwọn tó ń ṣàánú onílé tó ń pàdánù ilé náà wà níbẹ̀, torí wọn ò rí ibi tí owó náà ti dé ọ̀dọ̀ onílé.

Ní Èkó, aago méje alẹ́ ti kọjá ìṣẹ́jú méje. Ààwẹ̀ Ramadan ti ń parí lọ, àwọn Mùsùlùmí sì ti ṣínu. Ọ̀pọ̀ tó jókòó ti oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà ló ti yá owó báńkì láti fi ra ìpín báńkì. Òṣùwọ̀n ọjà ìpín wa ti lé ní 66,000 lóṣù Kẹta, ó sì ti ń já bọ̀ kí ti Washington tó ṣẹlẹ̀. Kí ọdún tó parí, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 31,000. Owó ìfẹ̀yìntì wọlé sínú rẹ̀, owó ilé àti owó ìwé ọmọ wọlé. Kò sẹ́nì kan nínú àwọn 433 tó dìbò yẹn tí ará Ṣómólú lè pè lórí fóònù.

Ọ̀sán tó kù, ìbáwí ni wọ́n fi lò. Boehner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sọ pé ọ̀rọ̀ Pelosi ló lé àwọn èèyàn àwọn sá. Eric Cantor na ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà sókè fún àwọn oníròyìn. Barney Frank, alága ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé náà, dá wọn lóhùn pé ṣé torí ẹnì kan múnú bí wọn ni wọ́n ṣe fẹ́ fìyà jẹ orílẹ̀-èdè. Bush wà pẹ̀lú Ààrẹ Ukraine, Viktor Yushchenko, ní White House. Ó ní ìbò náà já òun kulẹ̀.

Aago mẹ́rin, agogo ìparí lù. Dow ti fi 777.68 lọ sílẹ̀, bí ìpín 7 nínú ọgọ́rùn-ún, títí di ọjọ́ náà, kò tíì já tó bẹ́ẹ̀ rí lójúmọ́ kan bí a bá fi iye òṣùwọ̀n kà á. Òṣùwọ̀n S&P 500 pàdánù bí ìpín 8.8. Ohun tó nù nínú iye ìpín Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan yẹn tó bí 1.2 tírílíọ̀nù dólà, ó sì ju 700 bílíọ̀nù tí wọ́n kọ̀ láti ná lọ. Àgbá epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní dólà mẹ́wàá àti ààbọ̀, ó di 96.37. Nàìjíríà tó ń fi epo jẹun gba ìyà tirẹ̀ níbẹ̀: lóṣù Kejìlá, àgbá kan ò tó 40 dólà mọ́, dólà tí à ń rà ní nǹkan bí náírà 118 sì kọjá 145 lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn ti ń wọ̀, Rosh Hashanah, ọdún tuntun àwọn Júù, bẹ̀rẹ̀. Ilé náà túká títí di Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Rú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, Ilé Aṣòfin Àgbà gba àbádòfin náà ní 74 sí 25. Wọ́n ti gbé ààbò owó oníbàárà báńkì láti 100,000 dólà sí 250,000, wọ́n sì ti kó oríṣiríṣi ẹ̀dín owó orí sínú rẹ̀, títí kan ti àwọn tó ń ṣe ọfà igi fún eré ọmọdé. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù náà, Ilé Aṣojú gbà á ní 263 sí 171. John Lewis wà lára àwọn tó yí ohùn padà. Bush fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà. Ètò 700 bílíọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, onílé tó ń pàdánù ilé ò sì rí ìrànlọ́wọ́ gidi gbà níbẹ̀. Kí oṣù tó parí, Paulson ti ń fi owó náà ra ìpín nínú àwọn báńkì ńlá fúnra wọn. Lọ́dún kan lẹ́yìn náà, ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́.