Inú ilé wa láyé àtijọ́ àti lóde òní

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ wo inú yàrá tí ẹ wà. Kí ni ẹ fi tẹ́ ilẹ̀? Kí ni ó wà lára ògiri? Níbo ni àlejò ń jókòó? Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ìtàn ìlú wa wà nínú rẹ̀.

Láyé àwọn baba wa ní Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé. Àwọn obìnrin ló ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ títí yóò fi dán. Ẹrù inú ilé kò pọ̀: ẹní, àpótí, ìkòkò omi, àtùpà. Àgbàdo wà lókè àjà, èéfín ìdáná kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóbi. Níbẹ̀ ni baálé ń jókòó, níbẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, níbẹ̀ ni a ti ń parí ìjà.

Nígbà tí ó yá, àwọn Àgùdà dé. Àwọn ni wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àwọn àti ọmọ wọn, tí wọ́n padà wá. Púpọ̀ nínú wọn padà lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ṣe ní Bahia ní ọdún 1835. Wọ́n tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ mọlémọlé àti káfíńtà. Ilé tiwọn ní ọ̀nà gbọọrọ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún àti lósì, fèrèsé onígi, àti òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri.

Owó epo àti ẹ̀kùrọ́ ló gbé àṣà tuntun dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ojú irin ti ti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀. Ní ọdún 1922, wọ́n dá ibi ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobẹ̀. Ẹni tí epo rẹ̀ bá tà dáadáa á yọ koríko, á kan páànù. Iná kò tètè jó òrùlé mọ́. Ṣùgbọ́n ilé gbóná lọ́sàn-án, bí òjò bá sì ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohùn ara wa. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Onigbolo, ní ilẹ̀ Pobẹ̀ gan-an. Bíríkì sìmẹ́ńtì wá pọ̀. Lónìí, kàró tó ń dán, àga tìmùtìmù àti tẹlifísàn ni a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Èmi náà tẹ̀ lé ayé. Nígbà tí bàbá mi kú, èmi àti àwọn àbúrò mi wó ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sọ ọ́ di yàrá mẹ́ta fún àyálégbé. Owó wọlé. Ní ọdún kejì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Àwọn àgbà wá láti parí rẹ̀, a kò rí ibi tí wọn yóò jókòó. Àga olówó iyebíye mi gba ènìyàn mẹ́rin. Àwọn tó kù dúró sínú oòrùn títí wọ́n fi bínú lọ. Ìjà náà pẹ́ kí ó tó tán.

N kò sọ pé kí a padà sí ilé koríko. Kàró rọrùn láti fọ̀, sìmẹ́ńtì sì lágbára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wó ògiri kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo ni ogún ènìyàn yóò ti jókòó nínú ilé yìí? Ẹ pe àgbà kan, kí ó sọ iṣẹ́ tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.